Imú Ọba tó Wà Lára Owó Fàdákà

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi fún ọdún mẹ́ta, ó sì ti rẹ̀ mí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo tó mọ bí ohun tí mo ṣe ṣe burú tó.

Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mò ń ṣe ní Dallas. Mo tọ́jú bàbá kan, ará Iran, nílé wọn ní Oak Cliff. Bàbá ní owó fàdákà àtijọ́ kan, ó fẹ́lẹ́. Orí ọba Páṣíà, ìyẹn Iran àtijọ́, wà níwájú rẹ̀, iná tí àwọn ará ibẹ̀ ń bọ nígbà náà wà lẹ́yìn. Wọ́n wá kọ Bísímílà sí etí owó náà.

Bàbá ní ọmọbìnrin àwọn ni yóò jogún rẹ̀. Nígbà tó wà ní kékeré, ó máa ń fọwọ́ kan imú ọba náà, á ní, "Daddy, imú yín rèé." Nígbà tí àìsàn wọn le, wọ́n ní kí n bá àwọn gbé e fún un.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tèmi náà. Ilé kéú ni wọ́n ti tọ́ mi n'Ìwó. Orúkọ Ọlọ́run, lára ohun kan náà pẹ̀lú iná tí wọ́n ń bọ! Mo rò pé kèfèrí kan ló fi ń ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí Bàbá kú, mo mú irin tí mo fi ń ha èékánná, mo ha ojú ọba náà dànù, mo ha iná náà pẹ̀lú. Bísímílà nìkan ni mo fi sílẹ̀.

Bí mo ṣe parí ni ẹ̀rù bà mí. Nígbà tí ọmọ náà béèrè, mo ní n kò rí i. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ọkùnrin ló jí i. Wọn ò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́ títí dòní.

Lọ́jọ́ Sunday tó kọjá, ní mọ́sáláṣí wa, alùfáà ń ṣàlàyé owó dírámù tí wọ́n fi ń san sàdáákì ìyàwó láyé àtijọ́. Mo rọra béèrè nípa èyí tó ní orí ọba àti Bísímílà lára. Alùfáà rẹ́rìn-ín.

"Ah, Alhaja, àwọn Mùsùlùmí ló ṣe é o! Nígbà tí wọ́n conquer Persia, wọ́n kàn copy owó ibẹ̀ ni, wọ́n wá fi Bísímílà sí i. Ó pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó design tiwọn."

N kò gbọ́ ìyókù wáàsí náà.

Owó náà wà nínú àpótí abẹ́rẹ́ ìránṣọ mi. Lánàá, ọmọbìnrin Bàbá tún pè mí. Ó ní òun ò wá owó náà mọ́. Ó ní bí mo bá ti rí i rí, kí n ṣáà sọ bí imú yẹn ṣe rí fún òun, torí òun ti ń gbàgbé ojú bàbá òun.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Mo mú owó náà láàárọ̀ yìí, mo fọwọ́ pa á. Ó ń dán. Kò sí imú kankan níbẹ̀.