Iṣu Ló Sùn Lórí Bẹ́ẹ̀dì

Ní ìsọ̀ fọkanáísà kan l'Ọ́sì ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ tọkọtaya kan tí wọ́n ń ti Kàdúná bọ̀, nínú bọ́ọ̀sì tí ọkọ tẹ́ bẹ́ẹ̀dì sí.

"Ìyá Ìbejì, ṣebí ẹ gbádùn ìrìn àjò yìí?" ọkọ bi ìyàwó rẹ̀.

"Gan-an ni! Ẹ ní inú ọkọ̀ la ó máa sùn bí òyìnbó. Ẹ wá kó iṣu tí ẹ fẹ́ fún àwọn ẹbí sórí bẹ́ẹ̀dì. Iṣu nà gbalaja, èmi sùn lórí ìjókòó títí ọrùn mi fi wọ́."

"Ṣé ọwọ́ òfo ni ká gbé délé wọn ni?"

"Rárá o. Nígbà tí òjò wá ń jò wọnú ọkọ̀, kí lẹ fi ẹ̀wù òtútù yín bò?"

"Iṣu tí òjò bá pa á jẹrà."

"Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nìyẹn, Bàbá Ìbejì. Ìyàwó kì í jẹrà."