Èmi Ni Mo Ní Kí Bàbá Wúrà Dúró Sójú Ọ̀nà

Ẹ̀yin tí ìwé yìí bá dé ọwọ́ yín, mi ò mọ̀ yín, ẹ̀yin náà ò sì mọ̀ mí. Ìyẹn ló jẹ́ kí n lè bá yín sọ ọ́. Mi ò sọ fún ìyàwó mi títí ó fi kú. Mi ò sọ fún àwọn ọmọ mi. Bí mo bá ń gbàdúrà, bí mo bá dé ibẹ̀, ńṣe ni mo máa ń fò ó kọjá.

Mo ti dàgbà. Èmi nìkan ni mo ń gbé inú ilé mi ní Ìjerò níbí. Ilé náà tóbi, mo kọ́ ọ fún èrò púpọ̀, kò sì sí èrò kankan níbẹ̀ mọ́. Ǹ bá gbé ẹrù yìí wọ ilẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n nǹkan kan ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá tí kò jẹ́ kí n lè pa á mọ́ra mọ́. Màá dé ibẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi.

Eléré kẹ̀kẹ́ ni mí nígbà kan. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn tí a gba òmìnira tí kò tíì pẹ́, kẹ̀kẹ́ ni iṣẹ́ tí mò ń ṣe jẹun. Owó wà lọ́wọ́ àwọn tó ń ra kòkó nígbà náà, oníkálukú wọn ló sì ní àwọn ọmọkùnrin tó ń gun kẹ̀kẹ́ fún un. Ọ̀gá mi ló ra kẹ̀kẹ́ mi, òun ló ń bọ́ mi, òun ló ń sanwó oṣù mi. Iṣẹ́ mi kò ju pé kí n máa sáré kí orúkọ rẹ̀ máa ròkè.

Eré tó ga jù nínú ọdún jẹ́ ti ọjọ́ mẹ́ta. Ọjọ́ kìíní, a ó gbéra ní Ìjerò, a ó sùn ní Òkè-Ìmẹ̀sí. Ọjọ́ kejì, a ó dé Aramọkọ. Ọjọ́ kẹta, a ó gba Erio kọjá, a ó wá gun òkè Ẹ̀fọ̀n, ibẹ̀ ni eré á parí sí. Wọ́n á ro àkókò ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, ẹni tí tirẹ̀ bá kéré jù ló gba ife. Ọ̀nà kò ní ọ̀dà nígbà náà o. Erùpẹ̀ pupa ni, pẹ̀lú òkúta àti yanrìn. Nígbà tí a bá fi máa dé ibi tí a ń lọ, ẹ ò ní mọ ẹni tó dúdú nínú wa àti ẹni tó pupa.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, wọ́n ní ẹni tó bá gba ife, wọn á mú un lọ sí Ìbàdàn láti máa gun kẹ̀kẹ́ fún gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn. Ọ̀gá mi pè mí sẹ́yìn ilé, ó ní, "Bí ìwọ ò bá gbà á lọ́dún yìí, padà sí oko ìyá rẹ." Mi ò fẹ́ padà sí oko. Mo fẹ́ Ìbàdàn bí aláìsàn ṣe ń fẹ́ omi tútù.

Ẹnì kan ṣoṣo ló wà láàárín èmi àti Ìbàdàn. Dáre ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Aramọkọ. Mo ju Dáre lọ lọ́jọ́ orí, kò sì fi ìgbà kan pè mí lórúkọ lásán. "Ẹ̀gbọ́n" ló máa ń pè mí. Bí a bá dé orí òkè tí àwa tó kù ń mí hẹlẹhẹlẹ, Dáre á máa kọrin. Ṣé mo kórìíra rẹ̀ ni? Rárá o. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Bí mo bá kórìíra rẹ̀ ni, bóyá ǹ bá ti rí nǹkan wí fún ara mi.

Dáre jẹ́ ọmọ tí wọ́n kọ́ tó gbẹ̀kọ́. Ẹ mọ̀ pé láyé ìgbà yẹn, ọmọdé kì í gun kẹ̀kẹ́ kọjá lára àgbà. Á sọ̀kalẹ̀, á kí i, kó tó tún gùn ún. Nítorí eré yìí, wọ́n ti lu agogo káàkiri ìlú pé kí àwọn àgbà má bínú, àwọn eléré kò ní sọ̀kalẹ̀. Ọwọ́ nìkan la máa ń nà sókè, a ó pariwo "Ẹ kú ìjókòó o!", a ó sì ti lọ. Ṣùgbọ́n ara Dáre kò gbà á. Bó bá rí àgbà, á dẹ kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀, á tẹ orí ba. A máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Dáre, ṣé eré lò ń sá ni, àbí ò ń kí ìlú?"

Lọ́jọ́ kejì, táyà mi bẹ́ nínú igbó, ibi tí kò sí ilé kankan nítòsí. Dáre ti ṣáájú mi. Ó gbọ́ ìró rẹ̀, ó yí padà. Àṣà wa ni pé bí nǹkan bá ṣe ẹnì kan, ẹni tó sún mọ́ ọn jù á dúró tì í, ṣùgbọ́n ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ló sábà máa ń dúró, ẹni tó ti ṣáájú kì í sábà padà. Dáre tó wà níwájú ló padà wá. Ó yọ fáńpù rẹ̀, ó bá mi lẹ táyà, ó fún un ní afẹ́fẹ́, a sì jọ gun kẹ̀kẹ́ wọ Aramọkọ. Ọ̀gá rẹ̀ bú u níṣojú gbogbo èrò. Ó kàn ń rẹ́rìn-ín ni.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn náà ni ìyá rẹ̀ gbé iyán wá fún un, ó sì pè mí kí a jọ jẹ ẹ́. Ẹnu oúnjẹ ló ti sọ fún mi pé bí eré bá parí, àwọn òbí òun á lọ tọrọ Wúrà, ọmọbìnrin tí òun fẹ́ fẹ́, fún òun. Ó ní oko bàbá Wúrà wà lẹ́bàá ọ̀nà lẹ́yìn Erio, níbi igi máńgòrò ńlá kan. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi ṣe àmín o. Kí n má pàdé bàbá yẹn lójú ọ̀nà lọ́la. Àgbà yòókù, mo lè na ọwọ́ sí i. Àna mi, mi ò lè wà lórí kẹ̀kẹ́ kí n máa wò ó." Mo ṣe àmín. Mo rẹ́rìn-ín. Òkèlè rẹ̀ wà lẹ́nu mi bí mo ṣe ń ro ohun tí mo máa ṣe.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ṣépè fún mi.

Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, mo ní mo fẹ́ lọ na ẹsẹ̀. Ara ń ro mí láti orí dé ọmọ ìka, síbẹ̀ mo gun kẹ̀kẹ́ dé oko bàbá náà. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Mo ní Dáre ló rán mi. Mo ní ó ní inú òun á dùn bí bàbá bá lè dúró sábẹ́ máńgòrò lọ́la, kí òun lè fojú kàn án kí òun tó gun òkè. Inú bàbá náà dùn débi pé ó wọ inú oko, ó gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó ti pọ́n fún mi. Mo jẹ ẹ́ lójú ọ̀nà bí mo ṣe ń padà.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, tó di ọjọ́ kẹta eré, èmi àti Dáre la wà níwájú, àwọn tó kù ti jìnnà sẹ́yìn. Bí a ṣe yọ sí máńgòrò yẹn, Bàbá Wúrà ló dúró yẹn nínú aṣọ tó ń wọ̀ lọ ṣọ́ọ̀ṣì, òun àti gbogbo ará oko rẹ̀, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Dáre ní, "Yéè!" Ó tẹ bíréèkì. Ó ju kẹ̀kẹ́ sínú koríko, ó nà gbalaja sínú erùpẹ̀.

Mo kọjá lára wọn. Mo gbọ́ tí bàbá náà bẹ̀rẹ̀ sí í wúre fún un. Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé ọmọ kì í dìde nígbà tí àna rẹ̀ bá ń wúre, àwọn àgbà wa kò sì mọ ìwúre kúkúrú. Mo ń gbọ́ "Àmín, àmín" lẹ́yìn mi títí mi ò fi gbọ́ mọ́.

Lẹ́yìn máńgòrò yẹn, ọ̀nà máa ń dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ síbi afárá kan, kí òkè ńlá tó bẹ̀rẹ̀. Dáre fẹ́ bá mi kí n tó dé ìdí òkè, kò tẹ bíréèkì rárá. Mo ti kọjá afárá nígbà tí mo gbọ́ ìró irin lórí òkúta. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ ohùn rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n!" Ẹ̀ẹ̀kan péré ló pè é.

Èmi ni mo sún mọ́ ọn jù. Èmi ló yẹ kí n dúró. Mi ò wẹ̀yìn.

Mo gba ife. Àwọn ará Ẹ̀fọ̀n gbé mi sí èjìká. Orí èjìká yẹn ni mo wà nígbà tí lọ́rí kan gbé Dáre dé, ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ ojú sí ibi tí kò yẹ kí ẹsẹ̀ kọ ojú sí. Wọ́n gbé e lọ sí Iléṣà, wọ́n ṣe é títí. Kò kú, ṣùgbọ́n orúnkún yẹn kò ká mọ́ títí di òní.

Nígbà tí mo lọ wò ó, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni mo bá Bàbá Wúrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá wọlé pé, "Èmi ni mo fà á. Ulé ló yẹ kí n jókòó sí. Kí ni mo wá dé títì?" Ó gbójú sókè, ó rí mi. Kò sọ fún wọn pé èmi ni mo wá jíṣẹ́ fún òun. Ó kàn ní kí n bá òun bu omi wá fún ọmọ náà, mo sì lọ bu omi.

Ìbàdàn kò gbà mí. Àwọn tó yára jù mí lọ pọ̀ níbẹ̀ bí eèrà. Kó tó tó ọdún kan mo ti padà délé, mo sì ta kẹ̀kẹ́.

Wúrà fẹ́ Dáre. Ṣé ẹ mọ̀ pé ọkọ ọmọ ló máa ń lọ ṣe ọ̀wẹ̀ ní oko àna rẹ̀. Dáre kò lè ṣe é. Ni bàbá náà bá yí i padà. Òun tó jẹ́ àna, òun ló ń bọ̀ láti oko rẹ̀ wá kọ ebè fún Dáre, òun ló ń ru igi ìdáná wá. Àwọn ènìyàn ń fi í rẹ́rìn-ín lójú ọ̀nà pé ayé bàbá yìí ti dorí kodò. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ṣe é. Bí mo bá ń gba ọ̀nà Aramọkọ kọjá, mo máa ń pàdé rẹ̀ pẹ̀lú igi lórí, màá ní, "Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá." Òun náà á dá mi lóhùn.

Nígbà tó ku díẹ̀ kó kú, ó ránṣẹ́ pè mí. Àwa méjì péré la wà nínú yàrá. Ó ní, "Ìwọ náà, ṣé o kò mọ̀ pé á sọ̀kalẹ̀?"

Mo ní, "Mi ò mọ̀, Bàbá."

Ó ní, "Ó dáa."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló ń jẹ mí jù. Ó ṣílẹ̀kùn fún mi kí n jẹ́wọ́, mo tún padà tì í. Mi ò mọ̀ bóyá ó sọ fún Dáre kó tó kú.

Ní báyìí, ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá nìyí. Àwọn ọ̀dọ́ Aramọkọ fẹ́ tún eré kẹ̀kẹ́ yẹn bẹ̀rẹ̀. Dáre ló wá sọ fún mi. Ó ní òun ti bá wọn sọ̀rọ̀, kí wọ́n fi orúkọ mi pe ife náà. Ó tún ní kí n wá jókòó sábẹ́ máńgòrò yẹn lọ́jọ́ eré, kí n máa wúre fún àwọn ọmọ bí wọ́n bá ń kọjá. Ó ní igi náà ṣì wà níbẹ̀.

Mo wò ó lójú kí n mọ̀ bóyá ó mọ̀. Ojú Dáre náà ni, ojú tó ń rẹ́rìn-ín. Bí kò bá mọ̀, olè ni mí bí mo bá gba ife yẹn. Bó bá sì ti mọ̀ láti ọjọ́ yìí wá, tó ń pè mí ní ẹ̀gbọ́n, tó ń gbé iṣu wá fún mi lọ́dọọdún, ibo ni kí n gbé ojú mi sí?

Mo ní kó jẹ́ kí n rò ó. Ó ní òun á padà wá gbọ́ èsì lọ́jọ́ Sátidé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Òun nìkan ló kù tó ń yà wò mí nínú ilé yìí. Bí mo bá sọ ọ́, ó lè má wá mọ́. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn, mi ò ní purọ́ fún yín. Ẹ sì tún bá mi rò ó: títí di òní, bí Dáre bá wọlé mi, ó máa ń dọ̀bálẹ̀ kí mi. Ẹ̀ẹ́ rí i tó máa kọ́kọ́ na ẹsẹ̀ gígan yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tó máa di ẹsẹ̀ àga mú, tó máa rọra sọ ara rẹ̀ kalẹ̀. Kò gbà kí n dá òun dúró. Kò sì ní dìde àfi bí mo bá wúre fún un.

Bó bá dé ní Sátidé, tó nà sílẹ̀ níwájú mi, ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n wí?