Pákó Ọ̀nà Àràròmí

Àwọn ẹlẹ́jíìpù kan kó pákó tí a fọwọ́ ara wa tẹ́ sórí ẹrọ̀fọ̀ ọ̀nà Àràròmí dànù, nítorí kí eré wọn lè dùn. Ní Ìgbókòdá ni mo ti gbọ́ ọ, nígbà tí ìyá ẹlẹ́ja kan ń bi ọ̀dọ́mọkùnrin kan léèrè nípa jíìpù rẹ̀.

"Ọmọ mi, kí ni imú tó yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíláàsì yìí?"

"Ibẹ̀ ni ẹ́ńjìnì ń gbà mí, mà, bí omi bá bò ó."

"Táyà ńkọ́? Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó mi."

"A pààrọ̀ rẹ̀ ni, kó lè la ẹrọ̀fọ̀ kọjá."

"Ta ló rán yín níṣẹ́ ẹrọ̀fọ̀?"

"Kò sẹ́nì kankan, mà. A fẹ́ràn rẹ̀ ni. Pákó ọ̀nà Àràròmí ló mú ọ̀nà rọrùn jù, la bá kó o dànù."

"Orí pákó yẹn ni ọ̀kadà ìbá gbà gbé ìyàwó ọmọ mi wá bímọ lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ fowó yín ra ìyà, ẹ wá bu èènì fún wa."

Èènì!

Ẹ̀yin ẹlẹ́jíìpù, ìgbà wo lẹ máa dá pákó wa padà? Ẹ̀yin aláṣẹ ọ̀nà, kí ló dé tí ọ̀nà ìkúnlẹ̀ abiyamọ fi di pápá eré? Ẹ fún wa lésì.