Ilé Ni Mo Rà, N Kò Ra Òkú

Rárá, Lọ́yà Mùbàṣírù, n kò jókòó, ẹ gbé àga yín síbẹ̀, ìjókòó kọ́ ló gbé mi wá, ẹ má sì wulẹ̀ fi ọtí ẹlẹ́rìndòdò lọ̀ mí, ẹ̀rù ló ń bà mí, òǹgbẹ kọ́ ló ń gbẹ mí! Ẹ wò mí dáadáa. Èmi Nimotalahi aránṣọ nìyí, tó ra ilé olóògbé Zechariah ní Japara, nínú Ìjẹ̀bú-Igbó níbí, tí ẹ̀yin fúnra yín ṣe ìwé rẹ̀, tí ẹ bọ̀ mí lọ́wọ́, tí ẹ ní, "Ìyá, ẹ kú oríire, ilé ti di tiyín." Ó di tèmi lóòótọ́! Òun àti ẹni tó ń gbé inú rẹ̀!

Ẹ dákẹ́ ná, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Rachel, ọmọ olóògbé náà, oníbàárà mi ni, èmi ni mo máa ń rán sùtánà tí wọ́n ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà wọn, òun ló sọ fún mi pé àwọn fẹ́ ta ilé bàbá àwọn. Inú mi dùn. Láti ọjọ́ tí ọkọ mi ti kú, tí mo ti kúrò ní Ibiade, ilé onílé ni mo ń gbé ẹ̀rọ ìránṣọ mi kiri. Mo wá bá yín, àbí n kò wá? Mo ní, "Lọ́yà, ṣé kò yẹ kí n ní lọ́yà tèmi, kí àwọn tó ń tà náà ní tiwọn?" Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ní kí la fẹ́ fi lọ́yà méjì ṣe, ẹ̀yin nìkan tó gbogbo wa. Mo ní ṣé ilé náà kò ní wàhálà? Ẹ ní ẹ ti rán èèyàn lọ sí Ìbàdàn, sí ọ́fíìsì ìjọba tí wọ́n ń kó ìwé ilẹ̀ pamọ́ sí, ẹ ní kò sẹ́ni tó fi ilé náà yáwó, kò sẹ́ni tó ń ṣẹjọ́ lórí rẹ̀, ó mọ́ tónítóní. Mo ní ṣé ẹ ti débẹ̀? Ẹ ní lọ́yà kì í lọ wo ògiri, ìwé ni lọ́yà ń wò.

Ìwé! Ṣé inú ìwé ni mo ń sùn ni?

Mo ti kó wọlé, mo ti kun yàrá, mo ti tẹ́ ẹní ìkírun mi sí igun tó kọjú sí gábàsì. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan ni mo rí Rachel àtàwọn ará ilé rẹ̀, gbogbo wọn nínú sùtánà tí mo fọwọ́ ara mi rán, wọ́n bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n tan àbẹ́là, wọ́n kí mi tayọ̀tayọ̀, wọ́n wọ yàrá mi lọ tààrà. Wọ́n ká ẹní mi kúrò, wọ́n kúnlẹ̀ síbẹ̀. Mo ní, "Rachel, kí lẹ ń ṣe níbẹ̀ yẹn?" Ó ní, "Ìyá, bàbá wa la wá kí." Mo ní, "Bàbá dà?" Ó fọwọ́ lu ilẹ̀ pẹ́pẹ́, bí ẹni ń rẹ ọmọ. Ó ní, "Wọ́n wà níbí."

Áúsù bílàhì! Lórí sàréè ni mo ti ń kírun! Iwájú orí mi tí mo fi ń kanlẹ̀ fún Ọlọ́run, àyà òkú ni mo ń gbé e lé! Ẹ̀yin ọmọ Àfáà Bàdírù, ẹ mọ ohun tí bàbá yín ń wàásù nípa kíkírun lórí sàréè, àbí ẹ ti gbàgbé rẹ̀ sí ìlú òyìnbó?

Ẹ ní kí ló dé tí n kò béèrè? Háà! Háà, Lọ́yà! Yèsí ní í béèrè bóyá òkú wà nínú yàrá? Ọmọ Ibiade ni mí, etí omi la wà, bí èèyàn bá gbẹ́ ilẹ̀ dé orókún, omi á ti sun, a kì í sin òkú sínú ilé lọ́dọ̀ wa. Ibo ni mo ti fẹ́ mọ̀? Mo bi Rachel pé kí ló dé tí kò sọ fún mi, wàláhì, ẹnu yà á ju tèmi lọ, ó ní, "Ìyá, ṣé ilé wà tí kò ní bàbá nínú ni?" Kò tàn mí jẹ, ó rò pé mo mọ̀ ni. Ẹ̀yin ńkọ́? Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni yín, ẹ mọ bí àwọn ilé àgbà ṣe rí, ẹ mọ̀ pé àjèjì ni mí, ẹ wá panu mọ́! Ẹ tún ń sọ fún mi pé sàréè kì í ṣe gbèsè, kì í ṣe ẹjọ́, òfin kò ní kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé. Òfin ni kò gbọ́ ikọ́, èmi ń gbọ́ ọ!

Bẹ́ẹ̀ ni, ikọ́. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, orí mi pé. Ọ̀sán gangan ni o. Bí ẹsẹ̀ mi bá ti kúrò lórí ẹ̀rọ, tí ilé dákẹ́, màá gbọ́ ikọ́ àgbàlagbà nínú yàrá, ikọ́ gbígbẹ. Mo sọ fún Rachel kí ẹ̀rù lè bà á. Ó bú sẹ́kún, ó ní bẹ́ẹ̀ ni bàbá àwọn ṣe ń húkọ́ bí wọ́n bá fẹ́ mu omi, ó ní kí n máa gbé omi síbẹ̀. Mo sì ń gbé e síbẹ̀! Kí ni kí n ṣe?

Mo ní kí wọ́n hú bàbá wọn lọ, wọ́n ní èèwọ̀ ni. Mo ní kí wọ́n gba ilé wọn padà, wọ́n ní owó ti tán. Mo ní kí n fi ilé náà dúró ní báńkì, kí n lè fi yáwó gba ibòmíràn, ẹni tí báńkì rán wá wò ó dé ẹnu ọ̀nà yàrá, ó rí àbẹ́là, ó ní òun ń bọ̀. Kò padà wá mọ́.

Lánàá, Rachel dé, ó ní wòlíì àwọn ríran, ó rí bàbá lórí ìjókòó nínú aṣọ funfun, obìnrin kan jókòó tì í, ó ń ránṣọ. Ó ní inú bàbá dùn sí mi. Ló bá ń fi àtẹ́lẹsẹ̀ wọn ilẹ̀ yàrá mi, ó ní, "Ìyá, ẹ má dààmú pé ẹ kò bímọ, àwa náà ọmọ yín ni. Àyè yín wà níbí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn." Ìfẹ́ ló fi sọ ọ́, Lọ́yà, òun gan-an ló dẹ́rù bà mí! Bí mo bá kú, yèsí ni yóò dá wọn lẹ́kun? Kí àwọn ará Ibiade tó gbọ́, wọ́n á ti bò mí mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkùnrin tí n kò fojú rí rí!

Ẹ mú gègé. Ẹ kọ ọ́, ẹ lẹ sítáǹbù mọ́ ọn, ẹ fi òǹtẹ̀ lù ú, pé bí Nimotalahi ọmọ Ìbíkẹ́ bá kú, Ibiade ni kí wọ́n gbé e lọ, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbẹ́ ilẹ̀ ilé Japara nítorí rẹ̀. Ẹ ní kí ni? Kí n padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀? Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ kẹ̀! Ẹ ò tíì gbọ́ tán. Láàárọ̀ yìí, bí mo ṣe fẹ́ máa bọ̀ lọ́dọ̀ yín, mo bá ara mi lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá yẹn, mo ń fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ fún yàrá òfìfo pé, "Mo fẹ́ jáde o, Bàbá Rachel. N kò ní pẹ́." Ẹ kọ ọ́, Lọ́yà! Ẹ kọ ọ́ kí n tó délé!