Omi Dúdú Inú Sìtẹ́ẹ̀nì Bàbá Lábọ̀dé

Ẹ̀yin ará ilé Lábọ̀dé, ẹ má tíì fẹnu kò lórí ìgbéyàwó Fabiola. Ẹ ní ìyá tó bí i kò gbọdọ̀ tẹ ilé yìí lọ́jọ́ náà, torí pé ó da epo àtùpà sínú omi tí gbogbo wa ń mu nígbà kan. Irọ́ ni. Èmi Cyriaque mẹkáníìkì, tí mo ń jókòó láàárín yín bí ọmọ ilé, èmi ni mo ba omi náà jẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí ẹ̀rù tó dí mi lẹ́nu.

Ẹ̀yin àgbà rántí ọdún tí Bàbá Lábọ̀dé fẹ́ ṣe ìrántí ìyá wọn. Gáráàjì tí mo háyà lọ́wọ́ wọn ni wọ́n fẹ́ kí àlejò jókòó sí, ṣùgbọ́n epo dúdú ọkọ̀ ti mu ilẹ̀ sìmẹ́ńtì náà káàkiri. Bàbá ní bí ilẹ̀ náà kò bá mọ́ kí àlejò tó dé, kí n kó ẹrù mi kúrò nílé wọn. Estelle ìyàwó mi sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń yọ epo lára sìmẹ́ńtì. Wọ́n á da eérú lé e, eérú á mu epo náà, wọ́n á gbá a, wọ́n á lọ rì í mọ́lẹ̀ nínú igbó, kí wọ́n tó fi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì fọ èyí tó kù. Onísùúrù ní í ṣe bẹ́ẹ̀, èmi kò sì ní sùúrù rí. Ẹ̀sáǹsì, epo pẹtiróòlù tí mo fi ń fọ irin, ni mo dà sílẹ̀, mo bu ọṣẹ lé e, mo ha á títí ó fi ń hó dúdú, mo wá gbá gbogbo rẹ̀ sínú gọ́tà ẹ̀yìn ògiri. Gọ́tà tí omi òrùlé ń bá wọ sìtẹ́ẹ̀nì, kòtò tí a fi ń gba omi òjò jọ, ni. Ọ̀gbẹlẹ̀ ni, kànga jìn, omi òjò tó kù nínú sìtẹ́ẹ̀nì yẹn nìkan ni gbogbo ilé gbójú lé. Mo gbàgbé ni. Ìyẹn, mo lè bẹ̀bẹ̀ fún un. Èyí tó kù ni n kò mọ bí mo ṣe máa bẹ̀bẹ̀ fún.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Ìyá Philomène, ìyálé, fa omi. Omi dúdú, ó ń dán, ó ń rùn. Ariwo ta. Wọ́n ní epo àtùpà ni, wọ́n ní Albertine ìyàwó kékeré, ìyá Fabiola, ló dà á síbẹ̀, torí òun àti ìyálé rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jà. Albertine sọ ọ́, ó tún un sọ, pé epo àtùpà kì í dúdú. Ta ló gbọ́? Mo dúró síbẹ̀, ẹsẹ̀ mi ṣì ń rùn fún ẹ̀sáǹsì, mo ń sọ nínú ara mi pé ìbínú wọn máa rọlẹ̀. Òpònú ni mí. Bàbá wá yíjú sí mi. Wọ́n ní èmi kì í ṣe ọmọ ilé, n kò ní gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni, kí n sọ bí mo bá rí nǹkan. Mo lè ní n kò rí nǹkan kan. Ẹnu mi kàn là ni.

“Mo rí ìyá Fabiola lẹ́bàá sìtẹ́ẹ̀nì,” ni mo wí. “Ó mú ìgò lọ́wọ́.”

Ìgò wo? N kò rí ìgò kankan. Ó ya èmi fúnra mi lẹ́nu pé ohùn mi ló sọ ọ́. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Albertine wò mí, ó wá wo ẹsẹ̀ mi. Wọ́n tú Fabiola lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ní ọmọ ilé ni, wọ́n kó ẹrù ìyá síta. Àlejò dé, wọ́n sì ń yìn mí pé ilẹ̀ gáráàjì mi mọ́. Mo sì ń rẹ́rìn-ín, ẹ gbà mí o.

Láti ìgbà náà n kò fojú kàn án, àfi àná. Ọkọ̀ oníbàárà mi kan bàjẹ́ nílùú Idigny. Nígbà tí mo tún un ṣe tán, mo bèèrè omi ìfọwọ́ nílé kan, Albertine ló gbé e jáde. Orí rẹ̀ ti funfun. Ó kí mi, ó bèèrè Estelle, ó wá gbé abọ́ sábẹ́ ọwọ́ mi. Ó ní kí omi elépo náà má ṣàn lọ síbi tí wọ́n ti ń pọnmi.

“Cyriaque,” ló wí, “láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀ pé ìwọ ni. Ìyàwó rẹ wà lórí ẹní pẹ̀lú ọmọ tuntun. Mo ní bí mo bá dárúkọ rẹ, ìta ni wọ́n á sùn. Mo ń retí kí o fẹnu ara rẹ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ìgò tí o ní o rí lọ́wọ́ mi yẹn, kí ni mo ṣe ọ́?”

Ẹni tó ń dáàbò bo ọmọ mi ni mo gba ọmọ lẹ́yìn rẹ̀.

Fabiola, n kò ní kí o dárí jì mí lónìí. Bàbá, gáráàjì yín nìyẹn, mo ti kó irinṣẹ́ mi jáde. Ṣùgbọ́n ìyá Fabiola wà lóde. Mo fi alùpùpù gbé e wá. Mo ní kó wọlé, ó kọ̀, ó jókòó sórí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì tí mo fọ̀ mọ́ yẹn. Ó ní ẹnu ni wọ́n fi lé òun jáde, ẹnu náà ni wọ́n máa fi pe òun wọlé. Bàbá, ẹ̀yin lẹ lé e. Ẹ dákun, ẹ dìde, ẹ pè é.