Mo Ní "Wọ́n Ti Wọlé"

Ẹ̀yin ará, ẹrù kan wà lọ́kàn mi tí mo ti ń dá gbé láti ọdún tó kọjá. Mo ń kọ ọ́ báyìí nítorí pé ọkọ mi fẹ́ ṣe ìdúpẹ́ ewu tó ré wọn kọjá ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Sọ́ńdè tó ń bọ̀, wọ́n sì ní kí n jáde wá bá àwọn jẹ́rìí. Irọ́ ni mo máa lọ jẹ́rìí sí.

Thamesmead West ní London là ń gbé. Ilé ìkẹ́rùsí ni ṣọ́ọ̀ṣì wa tẹ́lẹ̀. Ọlọ́run ti ṣe wá lóore níbẹ̀, mi ò lè sẹ́. Lọ́dún tó kọjá, ẹgbẹ́ tọkọtaya rìnrìn àjò lọ sí Santorini, erékùṣù kan nílẹ̀ Gíríìsì. Sister Bùkọ́lá, akọ̀wé ẹgbẹ́, ọmọbìnrin kan tó ń tọ́jú àwọn arúgbó ní Woolwich, ló ṣètò gbogbo rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ tá a jáde lọ wòran, a rí àwọn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tó ń gbé èèyàn gun àtẹ̀gùn. Mo ní mo fẹ́ gun ọ̀kan. Ọkọ mi ní, "Ẹ ṣàánú kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ yẹn o, ó níyàwó nílé." Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Ọdún kọkànlá nìyẹn tí ọkọ mi ti ń fi ìsanra mi ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú èèyàn.

Lọ́sàn-án, ọkọ̀ ojú omi gbé wa lọ sí òkè ayọnáyèéfín tó wà láàárín òkun. Kò sí ilé níbẹ̀, kò sí igi. Òkúta dúdú nìkan ni, oòrùn sì mú gan-an. Nígbà tá a fẹ́ padà, mo ti jókòó sínú ọkọ̀. Sister Bùkọ́lá dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìwé orúkọ lọ́wọ́. Ó bi mí pé, "Mummy, ṣé wọ́n ti wọlé?"

Mo mọ ẹni tó ń béèrè nípa rẹ̀. Mo gbójú sókè, mo rí ọkọ mi lókè lọ́hùn-ún, wọ́n kẹ̀yìn sí wa, wọ́n ń ya fọ́tò. Omi wọn àti oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn wà nínú báàgì tó wà lórí itan mi.

Mo ní, "Wọ́n ti wọlé."

Ọkọ̀ gbéra. Mo rò pé kí n pariwo. Mi ò pariwo. Mo fẹ́ kí ojú ti ọkọ mi náà lẹ́ẹ̀kan.

Ó tó wákàtí méjì kí ọkọ̀ mìíràn tó gbé wọn dé. Ètè wọn ti gbẹ, wọn ò lè sọ̀rọ̀. Mo sunkún, ẹkún náà kì í ṣe ẹ̀tàn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí n fọwọ́ ara mi sọ ara mi di opó. Ṣùgbọ́n nígbà tí alága ẹgbẹ́ béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, mo ní tọkọtaya àgbà tó jókòó lẹ́yìn mi ni mo rò pé Sister Bùkọ́lá ń béèrè, torí "wọ́n" ló sọ. Gbogbo ẹgbẹ́ gbà mí gbọ́.

Bùkọ́lá kúnlẹ̀ bẹ ọkọ mi. Ẹgbẹ́ gba iṣẹ́ akọ̀wé lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó yá, kò wá sí ṣọ́ọ̀ṣì wa mọ́.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo pàdé rẹ̀ lọ́jà Woolwich. Ó kúnlẹ̀ kí mi lórí ilẹ̀ tútù, ó béèrè àlàáfíà Daddy. Mo ní ara wọn ti le.

Ó ní, "Mo dúpẹ́, mà. Ẹ dárí jì mí. Láti ọjọ́ yẹn, orúkọ ni mo máa ń pè. Mi ò jẹ́ sọ 'wọ́n' mọ́. Màmá mi sọ pé London ti bà mí jẹ́." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Ṣé ọkọ mi ni kí n kọ́kọ́ sọ fún nínú yàrá? Àbí kí n gba máìkì ní Sọ́ńdè, kí n dárúkọ Bùkọ́lá níwájú ìjọ, kí n sì dárúkọ ara mi? Bí ọkọ mi bá lé mi jáde nílé ńkọ́?

Láti ọjọ́ yẹn, ọkọ mi ò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Wọ́n ní ẹkún mi ló jẹ́ kí àwọn mọ̀ pé mo fẹ́ràn àwọn. Àwọn fúnra wọn ló lọ ra aṣọ funfun tí n ó wọ̀ fún ìdúpẹ́ náà. Mo gbé e wọ̀ lánàá. Ó bá mi mu.