Fáànù Tí Mo Yọ Nínú Ẹ̀rọ Ọ̀gá Bámigbóyè

Ẹ̀yin ọmọ mi, àti ẹ̀yin ará ìjọ tí ẹ wá kí mi lórí ibùsùn yìí, ẹ má tíì gbàdúrà fún mi. Dókítà ti sọ bí kíndìnrín mi ṣe rí, n kò sì fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ sàréè. Obìnrin tó jókòó lẹ́bàá fèrèsé yẹn, Victoria ni orúkọ rẹ̀. Èmi ni mo ní kí wọ́n lọ pè é wá láti Barkin Sale. Òun ni mo ṣẹ̀.

Ní ọdún 2004, èmi àti Victoria jọ ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà Ọ̀gá Bámigbóyè ní Tudun Wada. Ẹ̀rọ ńlá kan wà níbẹ̀ tó ń ṣe ìṣirò èsì ìdánwò fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́. Kọ̀ǹpútà tèmi nílé ní Kpakungu ń gbóná jù, ni mo bá yọ fáànù tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí ọpọlọ ẹ̀rọ ọ̀gá, mo fi ògbólógbòó tèmi rọ́pò rẹ̀. Mo ní màá dá a padà láìpẹ́. N kò dá a padà.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Victoria fi kẹ́nẹ́lì tuntun sínú ẹ̀rọ náà. Kẹ́nẹ́lì ni ọkàn ètò tó ń darí gbogbo ohun tí kọ̀ǹpútà ń ṣe. Nígbà tí a dán ìyára ẹ̀rọ wò lẹ́yìn rẹ̀, ó ti já wálẹ̀ dé ìdajì. Iṣẹ́ tó máa ń parí kí a tó jẹun ọ̀sán wá ń wọ́ títí di ìrọ̀lẹ́. Ọ̀gá figbe ta: “Haba, Victoria! Kí lo fi ẹ̀rọ mi ṣe?” Ó kọjú sí mi: “Adéagbo, bá mi wá ìdí ọ̀rọ̀ yìí.”

Mo wá a, mo sì rí i. Mo ṣí ẹ̀rọ náà, ọpọlọ rẹ̀ gbóná bí ẹyin iná, fáànù mi kò sì yí dáadáa mọ́. Kẹ́nẹ́lì tuntun máa ń ṣọ́ ooru. Bí ó bá ti pọ̀ jù, á dín eré ẹ̀rọ kù kí ó má baà jóná. Ti àtijọ́ kò mọ irú rẹ̀, sísá ló ń sá lọ ní tirẹ̀. Ohun tí Victoria ṣe ló ń gba ẹ̀rọ náà là. Mo rí i kedere, mo sì dé ìdérí rẹ̀ padà.

Kì í ṣe ẹ̀rù nìkan, ìlara wà níbẹ̀. Ọ̀gá fẹ́ rán ẹnì kan nínú wa lọ kẹ́kọ̀ọ́ sí i ní Zaria, Victoria ló sì wù ú. Mo dá kẹ́nẹ́lì àtijọ́ padà, ìyára gòkè, ọ̀gá pàtẹ́wọ́ fún mi. Victoria bẹ̀ mí: “Bọ̀ọ̀dá Adéagbo, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká jọ ṣí inú rẹ̀ wò. Ó ń ṣe mí bíi pé ooru ni.” Mo ní, “Ṣé o tún fẹ́ ba èyí tó kù jẹ́ ni?” Ó gba ọ̀dọ̀ ọ̀gá lọ. Ọ̀gá bi mí léèrè níṣojú rẹ̀: “Ṣé fáànù ẹ̀rọ yìí dára?” Ẹ̀yin ará, ibẹ̀ ni mo ti ba ayé Victoria jẹ́. Mo fi orúkọ Ọlọ́run búra pé ó dára. Victoria wò mí. Wọ́n lé e lọ.

Kò pẹ́ tí ẹ̀rọ náà fi jóná, èsì ìdánwò àwọn ọmọ sì bá a lọ. Ọ̀gá ní ohun tí Victoria bà jẹ́ ló jáde síta yẹn. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Èmi ló rán lọ sí Zaria, iṣẹ́ tí mo kọ́ níbẹ̀ ni mo sì fi tọ́ yín.

Kí ẹ tó wọlé lónìí ni mo ti sọ ọ́ fún un. Kò bú mi. Ó kàn bi mí pé, “Ṣé kì í wá ṣe èmi ni mo bà á jẹ́?” Mo ní, “Ìwọ kọ́ rárá.” Ó ní láti ọjọ́ yẹn òun ò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà mọ́, pé ọwọ́ òun ni òun rò pé kò dára. Lẹ́yìn náà ló sunkún.

Victoria, mo bẹ̀ ọ́, dárí jì mí. Bí kò bá sì tíì ṣeé ṣe, má fipá ṣe é nítorí pé mo ń kú lọ. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí wọ́n bá rán yín pé kí ẹ lọ wá ẹlẹ́bi, tí ẹ sì bá ara yín níbẹ̀, ẹ pe orúkọ ara yín kí ẹlòmíràn tó ru ẹ̀bi náà fún yín.